Ìdí àrọ ni iná wà: ohun tí ojú mi rí nínú ọ̀rọ̀ kpayo l'Àjàṣẹ́

Kpayo, ìyẹn ẹsáńsì (bẹntiróòlù) fàyàwọ́ tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tó bá wà nínú bídọ́ọ̀nù (jẹ́ríkàánù) tí wọ́n dé pa, tó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun ilé, kì í sábà pa èèyàn, ìgbà tí wọ́n bá ń dà á láti inú èyí sínú ìyẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní gbà, wọ́n á ní gbogbo ẹ̀ náà ni ikú, bó jókòó ikú ni, bó dìde ikú ni, mi ò sì bá wọn jiyàn, kò dáa kéèyàn kó ẹsáńsì sínú ilé rárá. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tún alùpùpù ṣe l'Àjàṣẹ́ níbí (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, tí ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Wàǹdó, tí ìyá ìyàwó mi ń ta kpayo, tí ará ọ̀tún ará òsì ń ta kpayo, gbogbo ohun tí mo ti rí àti èyí tí mo ti gbọ́ nípa àwọn iná ńlá agbègbè wa yìí, láti ọ̀dọ̀ wa dé Nàìjíríà, dé Niger lókè lọ́hùn-ún, ibì kan náà ló ń tọ́ka sí. Ìdí àrọ, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń rọ epo sẹ́nu ìgò. Ibi tí wọ́n ti ń dà á, tàbí tí wọ́n ti ń gbọ́n ọn.

Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa rí lè má mọ bó ṣe rí. Títì wo lẹ máa gbà l'Àjàṣẹ́ tí ẹ ò ní rí tábìlì onípákó, ìgò ńlá ńlá oníkùn rìbìtì tí ẹsáńsì kún inú ẹ̀, àwọn ìgò lítà kọ̀ọ̀kan tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àrọ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, àti ìyá kan tàbí ọmọ kékeré kan tó jókòó sórí àpótí. Zẹmijáànù, ìyẹn ọlọ́kadà, á dúró, kò ní pa ẹ́ńjìnnì, á ní "lítà kan", wọ́n á dà á sí i, ó ti lọ nìyẹn. Nàìjíríà ló ti ń wá, láti nǹkan bí àwọn ọdún 1980 ló ti di iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, ó ń gba bọ́dà Kraké ní Sẹ̀mẹ̀, ó ń gba ti Ìgólò, ó ń gba orí ọ̀sà nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan ń dì í sórí alùpùpù, bídọ́ọ̀nù yí ẹni tó ń gùn ún ká débi pé orí ẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní Sẹ̀mẹ̀ yìí kan náà tí kpayo ń gbà wọlé, àwa náà wa epo rọ̀bì lábẹ́ òkun ibẹ̀ láti 1982 di 1998, kí wọ́n tó pa á tì. Epo wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, a sì ń fi ẹ̀mí wa gbé ti ẹlòmíì kọjá bọ́dà.

Èmi ò ní bú ẹni tó ń ta á o. Àláájà, ìyẹn ìyá ìyàwó mi, owó kpayo ló fi rán ìyàwó mi àti àwọn àbúrò ẹ̀ níléèwé, nígbà tí bàbá wọn ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kpayo kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé oúnjẹ ni, torí àwọn tó máa ń wá wàásù fún wọn láti Kútọ̀nú, wọ́n á sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á sì ra lítà mẹ́wàá sínú ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó padà.

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi yékéyéké. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún Tinubu ní Nàìjíríà, 29 oṣù karùn-ún, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí lítà tó wà lábẹ́ náírà 200 ti ń lọ sí bí 500. Ọ̀dọ̀ wa níbí kò pẹ́ rárá tí tiwa náà fi fò sókè. Àwọn kan ń sọ pé kpayo ti kú, kò kú, ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tèmi ni pé àwọn tó máa ń ra dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́ẹ̀kan náà ò lówó ẹ̀ mọ́. Àláájà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a pọ̀ pẹ̀lú obìnrin méjì mìíì ládùúgbò, wọ́n á ra á, wọ́n á wá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kálukú á tún lọ pín tiẹ̀ sínú ìgò. Ẹ wò ó dáadáa: epo tó wà nílé dín kù, dídà ẹ̀ ló pọ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń dà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé inú alùpùpù èèyàn, ní báyìí ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo rí i lójú mi, àmọ́ mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Àfi ìgbà tí Sẹ̀mẹ̀-Kraké wá ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, 23 oṣù kẹsàn-án 2023. Ilé ìkó-kpayo-sí kan ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́dà, ibi tí ọkọ̀, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti máa ń wá gbé ọjà. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fídíò ti kún WhatsApp, èéfín dúdú tó ga lọ sókè ọ̀run, àwọn èèyàn ń sáré, ẹlòmíì ń sáré padà sínú ẹ̀ torí ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Alassane Seidou, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ló jáde sọ pé òkú 34 ni wọ́n rí, ọmọ ọwọ́ méjì wà nínú wọn, wọ́n sì ti jóná débi pé ojú ò mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn tó fara pa gan-an tún tó bí 20. Kí ló wá fà á? Ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ lẹ́yìn ìwádìí àkọ́kọ́ ni pé ìgbà tí wọ́n ń já àwọn àpò ẹsáńsì kalẹ̀ ni iná sọ. Wọ́n ń já a kalẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan mìíì mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń ró létí mi. Gbogbo òru tí epo yẹn fi wà níbẹ̀ tó jókòó, kò pa ẹnikẹ́ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà, mò ń wá àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí fóònù. Ẹ mọ Porga? Òkè lọ́hùn-ún ni, lẹ́nu bọ́dà Burkina, orílẹ̀-èdè wa níbí náà ni. Oṣù karùn-ún 2006, táńkà ẹsáńsì ṣubú níbẹ̀, táńkà náà kò pa ẹni púpọ̀ nígbà tó ṣubú o, àwọn ará ìlú ló gbé bídọ́ọ̀nù, kòròbá, abọ́ dé, wọ́n ń gbọ́n ọn, iná sì ká wọn mọ́bẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló lọ sí i. Nínú oṣù kan náà yẹn, 12 oṣù karùn-ún 2006, ní etí omi Èkó níbi tí páìpù epo gbà kọjá, wọ́n gbẹ́ páìpù lu, wọ́n ń gbà á sí jẹ́ríkàánù, èèyàn tó ju 150 kú. Ọdún yẹn ò sì tíì parí, ọjọ́ kejì Kérésì, 26 oṣù kejìlá, ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn olè lu páìpù lóru, wọ́n gba tiwọn wọ́n lọ, ilẹ̀ mọ́, àwọn aládùúgbò tó jí bá ọ̀fẹ́ nílẹ̀ ló jóná, ó lé ní 200. Ẹni tó jalè ti lọ sùn, ẹni tó wá bù ún ló kú, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé nínú ti Abúlé Ẹ̀gbá.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta, 18 oṣù kẹwàá 1998, ó ju ẹgbẹ̀rún kan èèyàn lọ, páìpù ló ń jò, wọ́n ń gbọ́n ọn. Ti Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, oṣù karùn-ún 2019, táńkà ṣubú nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń gbọ́n ọn. Ti Freetown ní Sierra Leone, 5 oṣù kọkànlá 2021, táńkà àti ọkọ̀ ẹrù kọ lu ara wọn, wọ́n pé jọ síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́n ọn, ó ju 140 lọ. Ti Majiya ní Jigawa, oṣù kẹwàá 2024, bákan náà, ó ju 140 lọ. Oṣù kìíní 2025, Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger ti Nàìjíríà, bákan náà ni. Ó sú mi láti máa kà á, kẹ́ ẹ máà bínú, mo dá a dúró níbẹ̀ torí ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, orúkọ ìlú ló ń yí padà.

Àwọn tó ń gbọ́ máa ń sọ pé ojúkòkòrò ni. Ó rọrùn láti sọ. Ẹni tó jẹun yó ló máa ń sọ ọ́. Èmi rò pé ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé àwọn èèyàn rò pé omi ẹsáńsì ló ń jó. Wọ́n ń wo omi náà nílẹ̀, wọ́n ń sọ pé "kò sí iná níbí, ẹnikẹ́ni ò mu sìgá, kí ló kù?" Ta ló sọ fún wọn pé omi yẹn kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbiná?

Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Ẹni tó bá ń tú kábúrétọ̀ á mọ̀ pé ẹsáńsì kì í jó bó ṣe wà yẹn, ó gbọ́dọ̀ di gáàsì, kó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, bùjí á wá ta iná sí i. Tó bá pọ̀ jù kò ní jó, tó bá kéré jù kò ní jó, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín bí 1.4 sí 7.6 nínú 100 afẹ́fẹ́. Ohun tí mò ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́ yìí gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ ní gbangba nígbà tí èèyàn bá ń da ẹsáńsì látòkè sínú ìgò. Bó ṣe ń dà, gáàsì ń yọ, àti pé kò nílò oòrùn kankan o, wọ́n ti wọ̀n ọ́n pé kódà tí òtútù bá mú tó ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo, ẹsáńsì ṣì ń yọ gáàsì tó lè gbiná, ká má tíì wá sọ Àjàṣẹ́ wa tí ooru ń pa èèyàn. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, kò ní gòkè lọ fẹ́ kúrò, ilẹ̀ ló ń gbà bí omi, á wọ abẹ́ tábìlì, á wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, á dé ibi tí ìyàwó ilé kejì ti dá iná ẹ̀kọ. Iná á sọ níbi ẹ̀kọ, á sì tọ ọ̀nà gáàsì náà padà wá bá ẹni tí àrọ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni yẹn kò ní mọ ibi tí iná ti wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé "iná kàn sọ ni, kò sẹ́ni tó ṣáná." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ wọn ò rí i ni.

Èyí tó tún máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni bídọ́ọ̀nù tó ṣófo. Ẹ mú bídọ́ọ̀nù tó kún àti èyí tó ṣófo wá, ọmọdé á sọ pé èyí tó kún ló léwu. Rárá o. Èyí tó kún, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀. Èyí tó ṣófo ni gáàsì àti afẹ́fẹ́ ti dà pọ̀ sí dáadáa, ó kàn ń dúró de ẹni tó máa fi iná kàn án. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́, kì í gbà kí wọ́n gbé táńkì alùpùpù lọ fún àwọn tó ń jó irin láìjẹ́ pé wọ́n pọn omi kún un dé ẹnu kọ́kọ́. Mo rò pé àṣejù àgbà ni nígbà yẹn. Nígbà tó yá mo gbọ́ nípa ọmọkùnrin kan tó jó dúrọ́ọ̀mù tó ti ṣófo tipẹ́, ìdérí ẹ̀ ni wọ́n rí ní ilé kejì. Láti ìgbà yẹn, omi ni tèmi náà, oníbàárà á máa kùn pé mò ń fi àkókò ẹ̀ ṣòfò, kó máa kùn lọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ Gùn (Ẹ̀gùn), ó dàgbà jù mí lọ, fófó ni mò ń pè é. Bí mo bá sọ gbogbo èyí fún un, á rẹ́rìn-ín, á ní "Ẹni tó máa kú á kú, Ọlọ́run ti kọ ọ́ sílẹ̀." Mo máa ń bi í nípa ọkọ̀ òfuurufú tó já ní Kútọ̀nú lọ́jọ́ Kérésì 2003, èyí tó fẹ́ lọ sí Beirut. Èèyàn 141 ló kú, etí òkun ló já sí. Lọ́jọ́ náà gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ àyànmọ́, àwọn kan ní wọ́n dẹ nǹkan sí i, àwọn kan ní òkun ló gbà wọ́n. Àwọn ará Faransé tó ṣèwádìí ẹ̀ gbé ìwé jáde, wọ́n ní ẹrù pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà, wọn ò sì tò ó bó ṣe yẹ, iwájú wúwo, kò lè gbéra dáadáa. Ẹrù! Ẹnì kan ló yẹ kó wọn ẹrù, kò wọ̀n ọ́n. Fófó ní "Ọlọ́run náà ló ní kó má wọ̀n ọ́n." Mo ní ó dáa, kí Ọlọ́run wá ní kí Àláájà máa da epo tiẹ̀ láàárọ̀.

Torí ibẹ̀ ni mo kúkú fẹ́ dé. Lẹ́yìn Kraké mo lọ bá Àláájà. Ẹ mọ̀ pé ọkọ ọmọ kì í lọ jókòó níwájú ìyá ìyàwó ẹ̀ kó máa kọ́ ọ níṣẹ́ tó ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo rán ìyàwó mi ṣáájú, mo ra ṣúgà dání. Mo ní "Àláájà, mi ò ní kí ẹ má tà á mọ́." Ó ní "Ìyẹn dáa, torí tẹ́ ẹ bá ní kí n má tà á mọ́, ẹ̀yin lẹ máa bọ́ mi nìyẹn, Bàbá Ìbejì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá ní ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí wọ́n yí ìgbà àti ibi tí wọ́n ti ń dà á padà.

Tẹ́lẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pín in, torí ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ń gbé e wá láti Ìgólò máa ń dé, òkùnkùn ti ń ṣú, iná ìjọba lè lọ nígbàkigbà, ọmọ kan á mú àbẹ́là tàbí àtùpà dání kí wọ́n lè rí ẹnu ìgò. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí ọlọ́pàá má rí wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé ìdáná. Gbogbo ohun tí iná ń wá ló pé síbẹ̀, ó ku kó fọwọ́ sí i. Lójú pópó wa gan-an, ọmọbìnrin kan jóná báyìí ní ilé mìíì, òun ló mú àtùpà dání fún ìyá ẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan àtùpà náà mọ́ ẹsáńsì o, ó jìnnà díẹ̀, gáàsì ló wá bá a níbi tó dúró sí. Ó wà láàyè, apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbà á. Ohun tó sì dùn mí jù ni ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un: ẹnì kan fọ́ ẹyin lé e, ẹnì kan mú oògùn ìfọyín wá, ẹnì kan ní kí wọ́n da òróró pupa sí i. Omi lásán ló yẹ, omi tútù tó mọ́, èyí tó ń ṣàn, fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n bọ́ òrùka àti aṣọ tí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ara, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí wọ́n gbé e lọ sí lópítà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé lópítà, fífọ ẹyin kúrò lára ẹ̀ tún jẹ́ ìrora kejì. Mo ti sọ èyí fún gbogbo ọmọṣẹ́ mi, mo sì máa ń bi wọ́n lójijì bí ìdánwò.

Àláájà gbà kí wọ́n máa dé bídọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ di àárọ̀, kí wọ́n máa pín in nígbà tí ojúmọ́ bá ti mọ́, lẹ́yìn ilé, ní gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó dá iná ẹ̀kọ. Mo bá a ṣe rọ́bà tó gùn tó máa ń dé ìsàlẹ̀ ìgò, kó má baà máa já bọ́ látòkè, torí jíjá bọ́ látòkè ló ń mú gáàsì yọ jù. Mo kó yanrìn sínú kòròbá méjì síbẹ̀. Fóònù ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dà á, ìyẹn ló le jù fún àwọn àbúrò ìyàwó mi, ẹ ò rí wọn bí wọ́n ṣe ń pòṣé. Kì í tilẹ̀ ṣe pé fóònù fúnra ẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù, ẹni tó ń wo fóònù kò ní rí ẹnu ìgò, ó máa dà á sílẹ̀.

Ohun tó ṣòro ni oníbàárà. Zẹmijáànù tí kò ní pa ẹ́ńjìnnì, sàlẹ́ńsà ẹ̀ gbóná, èèyàn méjì ṣì wà lórí ẹ̀, o ní kó sọ̀ kalẹ̀, á ní òun ń kánjú, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Àláájà pàdánù àwọn kan lóòótọ́, ó sì sọ fún mi lójú, "Bàbá Ìbejì, ìmọ̀ yín yìí ń jẹ owó mi o." Mi ò rí èsì fún un. Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe é dáadáa lójú títì, ẹni tí kò ṣe é dáadáa ló máa pa owó. Ó yẹ kí gbogbo wọn jọ ṣe é, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìyálọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ò ju kí ọlọ́pàá má fi wọ́n ṣe ìkà lọ.

Ìjọba ńkọ́? Ìjọba ti ṣe tiẹ̀ lóríṣiríṣi. Ní 2012 nígbà tí Boni Yayi jẹ́ ààrẹ wọ́n gbógun tì í, wọ́n ń kó ọjà àwọn èèyàn, Àjàṣẹ́ gbóná lásìkò yẹn. Ohun tí èmi rí ni pé ogun yẹn gan-an ló lé kpayo láti ìta wọ inú yàrá. Ẹni tó ń dà á létí títì lójú ọ̀sán wọ ilé lọ máa dà á lóru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn ọmọ ń sùn sí. Ẹni tó bá ń ṣòfin ẹsáńsì kó rántí pé ibi ìkọ̀kọ̀ ni gáàsì fẹ́ràn jù. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ilé epo kékeré kí àwọn oníkpayo lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú òfin, ìyẹn ló mọ́gbọ́n dání lójú tèmi, torí níbẹ̀ rọ́bà ló ń gbà á láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọ inú táńkì, kò sí àrọ, kò sí ìgò. Owó láti wọ̀ ọ́ ni ìṣòro, ìyá arúgbó tó ń ta bídọ́ọ̀nù méjì lọ́jọ́, níbo ló máa ti rí i?

Àwọn kan máa ń ṣe bí ẹni pé omíyalé nìkan ni ewu wa níbí, torí ẹsẹ̀ odò Wẹ̀mẹ̀ la wà. Lóòótọ́, 2010 burú, gbogbo ìsàlẹ̀ odò, Aguégués, Dangbo, Adjohoun, wọ inú omi, àwọn tí ó kàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè lé ní 600,000. Ṣùgbọ́n omi máa ń ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ ó rí i tó ń gun ògiri díẹ̀díẹ̀, ẹ ó kó ewúrẹ́ yín. Ẹsáńsì kì í ránṣẹ́.

Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi sí i. Ẹsáńsì fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa léfòó sí, omi á gbé iná náà lọ sí ilé kejì fún yín, mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú garawa omi mẹ́ta, iná tó wà lábẹ́ tábìlì dé gọ́tà. Yanrìn, tàbí aṣọ tó nípọn tí wọ́n rì sínú omi tí wọ́n sì fún kúrò, kí wọ́n fi bò ó tó bá ṣì kéré. Tó bá ti ju àyà èèyàn lọ, ẹ sá. Ẹ pe pọ́ńpíyé (àwọn panápaná) ní 118, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹsáńsì ni, torí fóòmù ni wọ́n máa nílò. Ẹ sì lé àwọn èèyàn sẹ́yìn. Ìyẹn ló le jù, torí ibi tí iná bá wà ni àwọn èèyàn wa máa ń sáré lọ, fóònù á gòkè, wọ́n ń ya fídíò, bídọ́ọ̀nù tí kò tíì bẹ́ sì wà níbẹ̀ tó ń gbóná.

Báyìí, ọ̀rọ̀ tí èmi àti Àláájà ò tíì yanjú ni ti àsìkò òjò. Tí òjò bá ń rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe máa dà á lẹ́yìn ilé, omi á wọ inú ẹ̀, oníbàárà á wá bá mi pé alùpùpù òun ò ṣiṣẹ́, wọ́n á sì tún gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kí a ta páànù mẹ́rin kan lórí òpó láìsí ògiri, ó ní àwọn ọlọ́pàá á rí i láti títì. A ti wọn ibẹ̀, a ti mọ iye tí páànù ń lọ, òpó ti wà nílẹ̀. Ó ní kí n fún òun di ẹ̀yìn Ramadan.